Gbèsè Oúnjẹ Tí Wọn Kò Jẹ: Àkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́ Aláàánú Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní oṣù Keje ọdún 2022, orúkọ 31 ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, orúkọ 22 ló ṣẹ́ kù, àwọn tó sì ń jókòó sípàdé kò ju mẹ́sàn-án lọ. Nínú àwọn mẹ́sàn-án yìí, méjì máa ń dé nígbà tí wọ́n bá ti ń kó àwo kúrò nílẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹgbẹ́ náà wà. Apòògùn wà níbẹ̀, olùkọ́ yunifásítì, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, oníṣìmẹ́ńtì, atẹ̀wé, ìyá aláṣọ kan ní ọjà Jagun, àgbẹ̀ aládìyẹ, kọngílá. Ó wà lára irú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣòwò dá sílẹ̀ ní Chicago, Rotary ní 1905, Lions ní 1917, tí wọ́n wá tàn ká ayé. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún iléèwé, wọ́n ti ra ìwé fún ọmọ aláìlóbìí, wọ́n ti gbé àwọn oníṣègùn ojú wá sí ìlú. Iṣẹ́ wọn kò kéré rárá.

"Ogún ọmọdé kì í ṣeré dé ogún ọdún," ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi ń tu ara wọn nínú. Wọ́n ní iṣẹ́ ìlú ti sú àwọn èèyàn, wọ́n ní ayé le, olúkálùkù ń wá ohun tí yóò jẹ. Lóòótọ́ ayé le. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ìwé wò dáadáa, wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tí iṣẹ́ ìlú lé lọ. Ìtìjú ló ń lé wọn, òfin ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń dá ìtìjú náà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwo ogún

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé, aago mẹ́fà, ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan. Hòtẹ́ẹ̀lì kò gba owó gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ san owó àwo oúnjẹ 20 lọ́sẹ̀, èèyàn ìbáà pé, ìbáà má pé. Nígbà tí èèyàn 25 ń wá, kò sí àdéhùn tó dára jù ú lọ. Kí àpò ẹgbẹ́ má baà jò, akápò ìgbà náà ṣe òfin pé owó oúnjẹ yóò máa wọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó wá, ó jẹun, ó san. Ẹni tí kò wá, kò jẹun, ó san.

₦2,000 ni àwo kan ní oṣù Keje 2022. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí owó ọkọ̀ àti gáàsì fò sókè, hòtẹ́ẹ̀lì sọ ọ́ di ₦3,500. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin, ₦14,000 nìyẹn, a kò tíì kan owó ẹgbẹ́ gan-an.

Owó ẹgbẹ́ náà sì ń ru ní tirẹ̀. Irú ẹgbẹ́ báyìí ń san owó orí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àgbáyé ní dọ́là, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kìíní àti oṣù Keje. Iye orúkọ tó bá wà nínú ìwé ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, wọn kò bi yín léèrè pé ta ló ń wá, ta ni kò wá. Ká fi dọ́là 40 ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460, ₦18,400 ni. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì 2024 tí dọ́là ti kọjá ₦1,400, dọ́là 40 yẹn kan náà ti lé ní ₦56,000.

Ẹ wo bí ó ṣe ń rí fún ẹnì kan. Ọmọ ìyá aláṣọ ṣàìsàn, kò lè wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tó fẹ́ padà, ₦10,500 ti wọ orúkọ rẹ̀. ₦6,000 ló wà lọ́wọ́ tó lè fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá rò ó pé kí òun kúkú dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun san án pé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gbèsè ti di ₦14,000. Ní oṣù kejì ó ti lé ní ₦30,000. Kì í ṣe pé kò rówó, ojoojúmọ́ ló ń ta aṣọ. Ohun tí kò lè ṣe ni kó jókòó ti àwọn tó mọ̀ pé ó jẹ ẹgbẹ́ lówó, kó máa ya ẹran adìyẹ jẹ níwájú wọn. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó nílé ni owó tí yóò fi padà wọlé ń pọ̀ tó.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe

Fáìnì ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, eré ni fáìnì. Sájẹ́ǹtì, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba fáìnì, á gbé àpótí dìde, á máa wá ẹ̀sùn ẹ̀rín kiri: bọ̀dá yìí ra mọ́tò kò sọ fún wa, àǹtí yìí wọ bàtà tuntun, ẹ mú ₦200 wá. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ìgbìmọ̀ sọ eré yìí di pàṣán: ₦1,000 fún ẹni tó bá pẹ́ dé, ₦2,000 fún ẹni tó bá pa ìpàdé jẹ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ ọdún 29 ni sájẹ́ǹtì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì òfin náà, ọ̀gá iléèwé àgbà, ẹni ọdún 71, fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ dé. Nínú ẹgbẹ́, oyè kan náà ni wọ́n ń fi sí iwájú orúkọ gbogbo èèyàn, kò sí Alàgbà, kò sí Dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọdékùnrin yìí ṣe pe orúkọ bàbá náà ní gbangba, tó gbé àpótí síwájú rẹ̀. Bàbá dìde, ó ju ₦1,000 sínú àpótí, ó kí gbogbo ilé: "Ó dàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Kò bínú sójú, kò kọ lẹ́tà. Ó kàn ṣe oṣù mẹ́rin gbáko láìyọjú ni. Ọmọdé lè bá àgbà ṣeré ní ìlú yìí, àgbà á tiẹ̀ gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé gba owó ìyà lọ́wọ́ àgbà níwájú èrò, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, oyè ẹgbẹ́ kò sì lè bò ó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n sọ ìpàdé di ayẹyẹ. Wọ́n ń pe agbẹjọ́rò, wọ́n ń pe ọ̀gá báńkì, kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Lálẹ́ tí àlejò bá wà, èèyàn 19 á wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́jọ. Ẹni tó bá fojú sílẹ̀ á rí i pé àwọn tó jẹ gbèsè a máa jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n á sì ti rọra jáde kí akápò tó gbé ìwé dé tábìlì wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ló bà wọ́n jẹ́ jù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí aago mẹ́wàá ń lọ lù, akápò gbé orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, pẹ̀lú iye tí olúkálùkù jẹ, sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ó rò pé ìtìjú á mú wọn san. Orúkọ obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò tíì pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kankan tó tíì dé ilé rẹ̀ kí i. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ rán sí i nínú ọ̀fọ̀ rẹ̀ ni ₦63,000 tó wà níwájú orúkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, èèyàn mẹ́rin ti jáde lórí WhatsApp, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó sọ ohunkóhun. Opó náà kò jáde. Ó fi àwòrán ẹ̀rí ìsanwó ránṣẹ́ sí akápò nìkan, ₦63,000 géérégé, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ìwé méjì lórí tábìlì kan

Akọ̀wé ẹgbẹ́, tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú fáìlì, ló ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́. Ó tẹ́ ìwé ìbuwọ́lù ìpàdé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹ́ ìwé akápò sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó mú èèyàn 22, ìyẹn àwọn mẹ́sàn-án tó ti kúrò àti àwọn 13 tí orúkọ wọn ṣì wà ṣùgbọ́n tí wọn kò wá mọ́. Ọ̀nà méjì péré ló là sínú ìwé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó buwọ́ lùwé gbẹ̀yìn, àti iye tó jẹ lọ́jọ́ náà.

Mẹ́rin nínú wọn ní ìdí tiwọn: méjì kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹnì kan ń ṣàìsàn, ẹnì kan bá ẹlòmíì jà. Àwọn 18 yòókù jẹ bákan náà bí ẹni pé wọ́n jọ dìmọ̀ pọ̀. Gbèsè ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà láàárín ₦28,000 sí ₦45,000 lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbẹ̀yìn. Ẹni tó sá nígbà tó jẹ ₦10,000 kò wọ́pọ̀. Kò sì sí ẹni tó dúró di ₦60,000 kó tó sá.

Ó wá tú gbèsè àwọn 13 náà sí wẹ́wẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,146,000. Owó ẹgbẹ́, nínú èyí tí dọ́là wà, jẹ́ ₦348,000. Fáìnì jẹ́ ₦96,000. Owó oúnjẹ jẹ́ ₦702,000. Nínú náírà mẹ́wàá tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fi ojú pamọ́ fún ara wọn, mẹ́fà jẹ́ ti oúnjẹ tí ẹnu wọn kò kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún burú dé ni pé ẹgbẹ́ ti ń san owó àwo 20 fún hòtẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ìgbà yìí. Àpò owó ìṣàkóso ti gbẹ. Owó kan wà ní àkáǹtì kejì, ₦280,000, tí àwọn ará ìlú dá fún àtúnṣe omi. Akápò ní kí wọ́n yá a san hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á dá a padà lóṣù tó ń bọ̀. Akọ̀wé kò fọwọ́ sí i. Òfin tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nìyí: owó tí a gbà lọ́wọ́ ará ìlú, iṣẹ́ ìlú ló wà fún. Ẹni tó bá fi jẹun, kódà kó dá a padà, ti ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àkáǹtì méjì ni wọ́n ní, tí ìwé sọwédowó sì ń béèrè ìbuwọ́lù ẹni méjì.

"Àwa tá a ti san ńkọ́?"

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ti oṣù Kìíní 2024 gba wákàtí mẹ́ta. Akọ̀wé ní kí wọ́n pa gbèsè oúnjẹ àti fáìnì rẹ́. Oníṣìmẹ́ńtì, tí kò jẹ kọ́bọ̀, ló dá a lóhùn: "Àwa tá a ti san ńkọ́? Ṣé òmùgọ̀ ni wá?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, ìdáhùn kíákíá kò sì sí. Ẹgbẹ́ tó bá fò ó kọjá yóò kàn fi ìbínú àwọn tó san rọ́pò ìtìjú àwọn tí kò san ni.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n fi ìlànà kan náà wọn gbogbo èèyàn: oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ, ẹnikẹ́ni kò ní san án. Nítorí náà, ẹni tó jẹ gbèsè rẹ̀, wọ́n pa gbèsè náà rẹ́. Ẹni tó ti san án nígbà tí kò wá, wọ́n kà á mọ́ owó ẹgbẹ́ tuntun tó yẹ kó san. Oníṣìmẹ́ńtì ti pa ìpàdé méje jẹ láti ìgbà tí àwo ti di ₦3,500, ó sì san gbogbo rẹ̀. ₦24,500 ló rí kà padà. Ó dákẹ́. Fáìnì, wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n ₦348,000 owó ẹgbẹ́ kò ṣeé pa rẹ́, torí ẹgbẹ́ ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ san dọ́là lórúkọ wọn. Ìyẹn di sísan díẹ̀díẹ̀, láìsí èlé.

Wọ́n fòpin sí àdéhùn hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n sì sọ ìpàdé di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Àwọn kan bẹ̀rù pé ìyẹn á ta ko òfin. Bẹ́ẹ̀ láti 2016 ni Rotary ti fàyè gba kí ẹgbẹ́ máa pàdé lẹ́ẹ̀mejì péré lóṣù, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò sì tíì lo àǹfààní yẹn.

Ó yẹ kí àwọn èèyàn padà nígbà náà, àbí? Wọn kò padà. Akọ̀wé kọ lẹ́tà fún gbogbo àwọn 13 pé gbèsè wọn ti fúyẹ́. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹni méjì ló wá. Ẹni tí wọ́n dárí gbèsè jì kì í tètè gbé ojú sókè. Ìtìjú mìíràn tún ni ìdáríjì jẹ́ fún un.

Páìpù mọ́kànlá

Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gbà wọ́n sílẹ̀, kò sì mọ̀. Ó kọ̀wé pé pọ́ǹpù aláfọwọ́tẹ̀ tí ẹgbẹ́ ṣe sí ọgbà àwọn ní 2017 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má fa omi mọ́. Oníṣẹ́ kan ní ₦650,000 ni kí wọ́n mú wá, kí òun pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé pe àgbẹ̀ aládìyẹ lórí fóònù. Ọ̀kan nínú àwọn 13 ni, ṣùgbọ́n òun ló ń tún pọ́ǹpù oko rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kò dárúkọ owó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó."

Ọkùnrin náà lọ wò ó lóun nìkan. Irú pọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní India Mark II ni, ọ̀pọ̀ iléèwé ló ní in. Ìdánwò méjì ni wọ́n fi ń mọ àìsàn rẹ̀. Èkíní, tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí o gbe omi rẹ̀ sínú garawa: ó yẹ kó tó lítà 12 sí 15. Tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Èkejì, fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìtẹ̀ ẹ́, kí o wá ka iye ìgbà tí wàá tẹ̀ ẹ́ kí omi tó yọ. Tó bá ju márùn-ún lọ, omi ń jò padà sísàlẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ 23. Ó ní omi wà nínú ilẹ̀. Páìpù ló ń jò, rọ́bà inú sílíńdà ló sì ti jẹ tán. Omi pupa tó ń kọ́kọ́ jáde láàárọ̀, ìpẹtà páìpù ni.

Iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ èèyàn púpọ̀. Orí àpáta ni Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó lé, inú ibi tí àpáta ti sán tàbí tó ti jẹrà ni omi ń wà, kànga yìí sì jìn. Páìpù irin oníwọ̀n mítà mẹ́ta, mọ́kànlá ni wọ́n so pọ̀, ọ̀pá irin sì gba inú wọn kọjá. Tí omi bá kún inú wọn, gbogbo rẹ̀ lè wọn kílò 160. Ẹ óò tú orí pọ́ǹpù, ẹ óò fi irin ìdìmú gbá páìpù mú, ẹ óò jọ gbé e sókè ní mítà mẹ́ta, ẹ óò tún dì í mú, ẹni méjì á fi sípánà ńlá tú oríkèé rẹ̀. Ẹ óò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá. Bí ẹnì kan bá tú irin ìdìmú nígbà tí àwọn yòókù kò tíì gbá páìpù mú, gbogbo rẹ̀ á já sínú kànga, ọ̀pọ̀ kànga ni ó sì ti kú báyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kejì, èèyàn 16 wá sí ọgbà iléèwé náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Méje nínú wọn jẹ́ ara àwọn 13. Kò sí ẹni tó gbé ìwé owó wá. Bàbá tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, àgbẹ̀ aládìyẹ ló lọ mú un láti ilé. Kò lè gbé nǹkan, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ló fi pe àwọn ọmọ iléèwé sórí ìlà, òun ni wọ́n fi ṣe olóhùn. "Ẹ gbá a mú! Ó yá, ẹ gbé! Ẹ dúró! Ẹ dì í!" Sájẹ́ǹtì ọmọ ọdún 29 wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí páìpù pẹ̀lú sípánà, ó ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" sí àṣẹ kọ̀ọ̀kan.

Páìpù kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ti lu níbi tí wọ́n ti ń so. Wọ́n ra mẹ́ta tuntun, ₦72,000. Rọ́bà sílíńdà gba ₦15,000, oníṣẹ́ pọ́ǹpù tó bá wọn dúró gba ₦25,000, gírísì ṣéènì àti ìyẹ̀fun klórínì gba ₦6,000. ₦118,000 ni gbogbo rẹ̀ dípò ₦650,000. Wọ́n da klórínì sí i, wọ́n fi okùn so apá pọ́ǹpù kí àwọn ọmọ má baà mu ún, wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó fà á jáde títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Ní ìtẹ̀ 40, lítà 13.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, wọ́n ra àkàrà àti ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. ₦600 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, olúkálùkù san tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti jẹun pọ̀ láìsí ìwé owó nílẹ̀. Ìdajì wákàtí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi jẹun; aago mẹ́ta lù, wọn kò tíì dìde.

Káàdì, omi, àti ohun kan ṣoṣo

Nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ igi yẹn ni ìyá aláṣọ ti béèrè pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò lè máa gba owó bí alájọ. Kò sí ọlọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ káàdì àjọ. Owó ẹgbẹ́ tuntun fún oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦91,000. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á sá. Ọ̀sẹ̀ 26 ni oṣù mẹ́fà: ₦3,500 lọ́sẹ̀, iye àwo kan ní hòtẹ́ẹ̀lì gan-an. Atẹ̀wé tẹ káàdì aláàpótí 26.

Kò lọ geere. Ní oṣù kejì, ₦10,500 sọnù láàárín káàdì àti ìwé akápò, ìjà sì fẹ́ bẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ẹnì kan ti fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló ń jáde lórí fóònù akápò, akápò sì rò pé ọrẹ ni. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà káàdì ni wọ́n ń kọ sí ìdí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Wọ́n tún ń gbé káàdì àti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹlòmíì tí kì í ṣe akápò ló ń kà á.

Ìpàdé wá ń yípo: lẹ́yìn ilé oògùn, ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé láàárín òórùn yíǹkì, ní oko adìyẹ. Àwọn kan ní ẹ̀tẹ́ ni kí ẹgbẹ́ àgbáyé máa jókòó sórí báńṣì. Wọn kò mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ara wọn ni àwọn ará Chicago 1905 ń pàdé ní yíyípo, tí orúkọ Rotary fi jáde. Ẹni tó bá gba ìpàdé yóò gbé omi àti ohun kan ṣoṣo kalẹ̀. Wọ́n ní láti sọ ọ́ di òfin, torí onílé kẹta ti gbé ẹja díndín àti máàtì jáde, onílé kẹrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún ọjọ́ tirẹ̀ síwájú.

Ẹni tó bá wà ní ipò akọ̀wé tàbí akápò irú ẹgbẹ́ báyìí lè ṣe iṣẹ́ ìwé méjì yẹn ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kó wá ibi tí gbèsè ti ń sọ èèyàn di àjèjì. Ní ẹgbẹ́ yìí nǹkan bí ₦30,000 ni, ní ẹgbẹ́ mìíràn ó lè jẹ́ ₦8,000. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdajì iye yẹn ni kí wọ́n ti dé ilé rẹ̀. Òfin ìbẹ̀wò tí ẹgbẹ́ yìí ń lò báyìí kúrú: ẹni tó bá pa ìpàdé méjì jẹ tẹ̀ léra, èèyàn méjì á lọ kí i, wọn kò gbọ́dọ̀ dárúkọ owó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi fóònù rọ́pò ẹsẹ̀. Nínú ìbẹ̀wò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, wọ́n bá àìsàn nílé mẹ́ta, ọ̀fọ̀ nílé kan, ṣọ́ọ̀bù tí iná jó nílé kan. Fáìnì padà di eré, ₦200, àgbà tó ti lé ní 60 ló sì ń gbé àpótí. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kẹfà, kí owó dọ́là tó dé, akọ̀wé àti ẹnì kan á lọ bá ẹni tí kò bá lè máa bá a lọ, wọ́n á bi í bóyá kí àwọn yọ orúkọ rẹ̀ ná. Lójúkojú ni wọ́n ń bi í, láìsí lẹ́tà, kó lè padà lọ́jọ́ tó bá fẹ́.

Ní ìparí ọdún 2024, orúkọ 25 ló wà nínú ìwé, èèyàn 17 ló sì ń wá ní ìpàdé kan sí èkejì. Márùn-ún nínú àwọn tó ti kúrò padà. Opó náà kò padà. Obìnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ ti lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta; ó ń gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kalẹ̀ fún wọn, ó ń béèrè pọ́ǹpù iléèwé yẹn. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé ìbẹ̀wò fún oṣù tó ń bọ̀.